Ọjọ́ Tí Mo Pe Ajá Ní Ọkọ Mi Lójú Ọ̀nà Ìyìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Ọ̀rọ̀ ajá ni, àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín!

Àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà. Ìyàwó tuntun ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi láti Ìyìn wá sí Adó.

Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ọmọ ọwọ́ ni ìbáà jẹ́. Mo ti fún gbogbo wọn lórúkọ tán, ló bá ku ajá bàbá ọkọ mi, Bíngò. Ìyá ọkọ mi wá ń fi mí ṣeré, ó ní ṣebí nínú "ulé" yìí náà ni mo bá a, kí ló dé tí mo fi ń pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi? Mo bá sọ ọ́ ní Ọkọ-mi-Àdúmáadán, torí ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí!

Ilé ìdáná ni mo ti ń kọ́ ọ. Tí mo bá sun iṣu, màá mú díẹ̀ dání, màá ní "Ọkọ mi, máa bọ̀!" Tó bá wá, ó jẹ iṣu. Tí ò bá wá, n kì í bá a jà. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ohùn mi, eré ló máa bá dé.

Tíṣà ńkọ́? (Ọkọ mi gan-an nìyẹn o, Tíṣà ni mo ń pè é.) Tí Tíṣà bá pe "Bíngò!", pàṣán ló ń tẹ̀ lé e. Ajá da omi nù, Bíngò! Ajá jẹ ẹran, Bíngò!

Àfi bí dìgbòlugi ṣe wọ ìlú. Akéde ní kí kálukú so ajá ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rí níta, ìbọn ni. A so tiwa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ti odò bọ̀, Tíṣà ń lọ síléèwé. Háà! Ajá wa ti já okùn, ó wà láàárín ọ̀nà Ìyìn! Ọdẹ tí àwọn wolé-wolé gbà síṣẹ́ ti gbé ìbọn sí èjìká!

Tíṣà pariwo pé ajá àwọn ni. Ọdẹ ní kó pè é kó wá nígbà náà, torí ajá tí dìgbòlugi bá ti mú kì í dá olúwa ẹ̀ mọ̀ mọ́.

"Bíngò!" Ajá ká ìrù sábẹ́, ó ń sún sẹ́yìn. Tíṣà tún pè é, ohùn ẹ̀ le sí i. Ajá tún sún sẹ́yìn! Ọdẹ ní ṣé wọ́n rí i báyìí? Ìka ẹ̀ ti wà lórí ìbọn.

Bàbá ọkọ mi ti jáde. Àwọn àgbà ìjọ tó ń ti àdúrà àárọ̀ bọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé Tíṣà náà. Ṣé lójú gbogbo wọn ni kí n ti pe ajá lọ́kọ? Ojú tì mí. Mo kọ́kọ́ pe Bíngò wúyẹ́wúyẹ́. Kò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà.

Ìkòkò omi bọ́ lórí mi, ó fọ́. Mo figbe ta: "Ọkọ mi! Ọkọ mi Àdúmáadán, máa bọ̀ o!"

Ajá yí padà, ó sáré fò mọ́ mi láyà, a jọ ṣubú lulẹ̀. Ọdẹ sọ ìbọn kalẹ̀. Gbogbo ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá lára mi lọ síléèwé. Mo ní mo gbé, wọ́n á dá mi padà sí Ìyìn!

Nírọ̀lẹ́, mo bá a nílé ìdáná. Iṣu sísun wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń pe ajá jẹ́jẹ́, ajá ò tíì wá, ó sì dúró dè é. Pàṣán ẹ̀ ló fi dáná iṣu náà.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wá nígbà tẹ́ ẹ bá pè, ẹ jẹ́ kí ohun rere máa bá wọn lọ́dọ̀ yín, ajá o, ọmọ o. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe kọ́ tiyín? Ẹ sọ fún mi, mò ń gbọ́.

Ní tèmi, ọjọ́ tí ajá yẹn kọ́kọ́ sáré jẹ́ ìpè Tíṣà, mo rí omi lójú ọkọ mi gan-an.