Àwòrán Ọ̀ṣẹ́nì Ṣì Wà Lẹ́nu Géètì

Ọ̀ṣẹ́nì bíríkìlà kú lọ́jọ́ Àlàmísì, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé alájà márùn-ún ní Ìwáyà, níbi tó ti kú, ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Wọ́n mà lójú o. Òun ló wà lára pátákó ńlá ẹnu géètì wọn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó dé àṣíborí tuntun. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀ pé, "Òṣìṣẹ́ wa ni agbára wa."

Nítorí fọ́tò ni wọ́n ṣe dé àṣíborí yẹn fún un. Bí ayàwòrán ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́n gbà á padà. Ọ̀ṣẹ́nì ló sọ ọ́ fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Òun ló rẹ́ ògiri ilé mi ní Mushin, ó sì máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ṣe sùúrù, ó ti ń tán lọ." Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ti sáìtì náà pa. Wọn ò sọ fẹ́nì kan. Àwọn òṣìṣẹ́ dé láàárọ̀, wọ́n bá àgádágodo. Irinṣẹ́ wọn sì wà nínú sítọ́ọ̀ lókè, torí bíríkìlà kì í ru irinṣẹ́ lọ sílé nígbà tíṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Irin tí Ọ̀ṣẹ́nì fi ń rẹ́lé wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀gá ẹ̀ ṣàdúà sí kó tó fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù. Ṣé irú ìyẹn náà wà lọ́jà Tejuosho?

Ó lọ bá Gbádé tó ń ṣọ́ géètì, ó nawọ́ sí pátákó.

"Èmi rèé, Gbádé. Àbí o ò dá mi mọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ yín. Àwọn ọ̀gá ló ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Kọ́kọ́rọ́ gan-an ò sí lọ́wọ́ mi."

Ó pe àwọn ọ̀gá náà títí, wọn ò gbé e. Nígbà tó sú u, ó gba ẹ̀yìn fo ògiri, ó gun pákó tó ti ń gùn lójoojúmọ́. Kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ òpó abẹ́ ẹ̀ lọ tà, tí wọ́n sì fi pákó sílẹ̀ bó ṣe wà. Pákó já, Ọ̀ṣẹ́nì forí sọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àṣíborí yẹn wà lọ́jọ́ náà?

Aṣojú ilé iṣẹ́ náà ní ẹni tó fo ògiri wọlé ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ó wá ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. A dúpẹ́ o, ọ̀gá.

Iwájú géètì yẹn ni Sìmíátù ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì ń gbà lọ síbi tó ti ń ta ẹja. Ojoojúmọ́ ni ọkọ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ bá mi bi wọ́n. Ṣé wọn ò lè kó irinṣẹ́ ẹ̀ fún mi ni?"

Mo ń bi yín. Ẹ ṣí sítọ́ọ̀ yẹn. Ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ òpó. Bí Ọ̀ṣẹ́nì bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín, ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí pátákó. Gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù lẹ ti lé lọ. Kò wá gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹni tó kú nìkan ló ṣì ń bá yín ṣiṣẹ́.