Àtẹ́lẹwọ́ Tó Ń Rọ Ọmọ

Ẹ̀kọ ń dún gọ̀lọ̀-gọ̀lọ̀ lọ́nà ọ̀fun àbúrò mi. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ní Borokiri, àdúgbò etí omi, ti tẹ́ ẹ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ń da ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i. Ó fi ìka dí i nímú kó lè gbé e mì. Òórùn àdí àgbọn ara rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ẹrẹ̀ etí omi.

Ogun abẹ́lé ti kúrò nílùú nígbà náà, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò tíì padà dé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti já àbúrò mi lẹ́nu ọmú ni kò ti gba nǹkan kan sẹ́nu. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni gbogbo ilé ń gbé ọmọ tó bá kọ oúnjẹ lọ, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rọ ọmọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìyà.

“Mama, e don do,” ni mo wí.

“Jẹ́ n fún un díẹ̀ sí i. Ebi ni yóò pa á.”

Ẹ̀kọ náà gba ọ̀nà òdì. Àbúrò mi wú ikọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyá àgbà dà á dojú bolẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn. Kó tó di alẹ́, ara rẹ̀ ti ń jó bí iná. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀kọ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ìyá àgbà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, kò wọlé.

“Ọwọ́ mi ni, ìyàwó.”

“Màmá, èmi ni mo gbé e wá bá yín,” ni ìyá mi dá a lóhùn.

Àwọn méjèèjì sunkún, kò sẹ́ni tó lè rẹ ẹnì kejì lẹ́kún.

Ìyá àgbà kò rọ ọmọ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọmọ náà, kí àwọn náà máa jẹ tiwọn. “Bó bá yíjú, ẹ fi í sílẹ̀.” Wọ́n ní ogbó ti ń dà á láàmú, wọ́n sì gbé ọmọ wọn lọ bá ẹlòmíràn.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Bí ọmọ-ọmọ mi bá pa ẹnu dé, mo máa ń gbé ṣíbí sílẹ̀, màá jókòó tì í. Àwọn ọmọ mi ń yìn mí pé mo ní sùúrù. N kò tíì sọ fún wọn pé ẹ̀rù ni.