Àgbá Omi Ojú Ọ̀nà Ìlaròó

Ọjọ́ tí mo ṣe ìdánwò mọ́tò wíwà ní Ìlaròó kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Bàbá mi ló kọ́ mi lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Wọ́n máa ń sọ pé, “Tóo bá ti rí àgbá tí wọ́n fi dí ọ̀nà, dúró, sọ gíláàsì kalẹ̀, kí o kí ọlọ́pàá.” Kí ìdánwò tó dé, ìjọba ti ti bọ́dà pa mọ́ Bàbá ní Kútọnu, níbi tí wọ́n rìnrìn àjò lọ. Èmi nìkan ni mo lọ.

Mo ń wakọ̀ dáadáa títí mo fi rí àgbá omi níwájú ilé onílé. Mo dúró, mo sọ gíláàsì kalẹ̀. Mo kí àgbá náà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.”

Ọ̀gá tó ń dán mi wò bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló kọ́ ẹ báyìí?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Wọ́n dà?”

Mo nawọ́ sí ọ̀nà bọ́dà. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo yege. Mo wa mọ́tò Bàbá padà sílé, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí tí mo lè sọ ọ́ fún.