Alfa Wa Àti Gábàsì Ojú Òkun

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi kẹ̀yìn sí Mẹ́kà kírun lójú òkun!

Alfa tó kó wa wá láti Ìlọrin ló sọ pé ọkọ̀ Mẹ́kà la wọ̀, ibi tí orí ọkọ̀ bá kọ sí náà ni gábàsì. Ìmọ̀ kúkú pọ̀!

Lónìí, ìyá mi bi atukọ̀ kan léèrè. Ó nawọ́ sẹ́yìn ọkọ̀: "Ọ̀hún ni Mẹ́kà wà, Ìyá. Ìwọ̀ oòrùn la ṣì ń lọ ká tó yí po síbẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́kún.

Alfa wúkọ́. "Ọkọ̀ ló ṣìnà, èmi kọ́."

Nígbà tó di Alásárì, ìyá mi kọjú ẹní rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo wa tẹ̀lé e, Alfa ló yí kẹ́yìn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìrun ọjọ́ mẹ́rin yẹn ńkọ́? Ṣé ká tún un kí ni, àbí kí Alfa bá wa kí i?