Kókó Inú Ìkọ́kọrẹ́

Fèrè ilé iṣẹ́ páànù ti dún. Ìyá mi dúró ti ìkòkò, ọmọrogùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òógùn ń kán ní àgbọ̀n wọn. Òórùn epo pupa àti ẹja ṣàwá gba gbogbo inú ilé ìdáná. Màmá ṣí ìdérí, wọ́n wo inú ìkòkò.

Màmá ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin Ìjẹ̀bú náà, tó ni ilé oúnjẹ etí ojú irin, láàárín Ìkẹjà àti Agége. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni. Bàbá mi ti kú, èmi àti ìyá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkìtì. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, n kò tíì wọ ilé ìwé. Bí ìyá mi kò bá rí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, a ó padà sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi ń dán òṣìṣẹ́ wò. Lọ́jọ́ kìíní, ìyá mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò.

“Ènìyàn ni kí o kọ́kọ́ mọ̀,” ni Màmá wí. “Ẹni tó wọ aṣọ búlúù yẹn kì í jẹ ata. Ìyàwó ẹni tó jókòó tì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Béèrè ọmọ kí o tó béèrè ohun tí yóò jẹ.”

Èmi náà sáré gbé abọ́. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. “Ọmọdé kì í ṣiṣẹ́ níbí. Tí mo bá gba ìyá rẹ, ilé ìwé lò ń lọ.”

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá fi ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n lọ ra ẹja. Ìyá mi rin ewùrà, wọ́n ń já a sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Láti ọjọ́ méjì ni wọ́n ti ń rí kókó nínú abọ́ àwọn oníbàárà, wọ́n sì rò pé ọ̀lẹ ló ń sè é. Ní Èkìtì, kókó nínú iyán, ìtìjú ẹni tó gún un ni. Wọ́n mú ọmọrogùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, pò, pò, pò, títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ.

“Ta ló ní kí o lù ú?” ni Màmá béèrè nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n ṣí ìdérí.

“Kókó wà nínú rẹ̀, Màmá.”

“Kókó yẹn ni wọ́n ń wá jẹ.”

A ti ń gbọ́ ìró bàtà àwọn òṣìṣẹ́ páànù níta. Màmá ní, “Èmi kọ́ ni n ó sọ fún wọn.”

Ìyá mi nu ojú wọn, wọ́n jáde. Màmá tẹ̀lé wọn, wọ́n dúró gbágbá lẹ́yìn ìyá mi.

“Ẹ má bínú,” ni ìyá mi wí. “Èmi ni mo ba oúnjẹ yín jẹ́. Ọwọ́ iyán ni mo fi ro ìkọ́kọrẹ́.”

Ọkùnrin méjì dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Àgbàlagbà kan ní ká gbé e wá. Ó wò ó. “Háà! Ìkọ́kọrẹ́ ti fá orí!”

Ẹ̀rín sọ.

“Àǹtí Èkìtì,” ni aláṣọ búlúù wí, “ṣé ẹ kò fi ata sí tèmi?”

“Mo se tiyín sọ́tọ̀. Kò ní ata.” Ìyá mi yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀. “Ọmọ tuntun ńkọ́?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga, ó jókòó.

Nígbà tí ìkòkò ń tán lọ, Màmá béèrè pé, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n gbà á?”

“Ẹ gbà á! Ṣùgbọ́n ẹ gba ọmọrogùn lọ́wọ́ ẹ̀!”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ ilé ìwé. Èmi ni mo ga jù ní kíláàsì.

Mo ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Ọgbà báyìí. Ìyàwó mi ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, èmi ni mò ń gba òṣìṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta Màmá náà ni mo sì fi ń dán wọn wò. Oúnjẹ lè jóná mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí mo ń wá ni ẹni tí yóò jáde wá sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìrẹsì jóná mọ́ ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta rẹ̀. Mo ti gbọ́ òórùn ìrẹsì náà, ṣùgbọ́n n kò dìde. Mo ń wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí.

“Bàbá, mo ti jẹ́ kí ìrẹsì jóná.”

Mo ní kó lọ sọ fún àwọn tí ebi ń pa. Nígbà náà ni mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.