Epo Pupa Tí Mo Mu Kí N Tó Tọ́ Bíà Dúdú Wò

Lọ́dọ̀ tiwa, láti Sakẹ́tẹ́ títí dé Pobẹ̀, ẹni tó bá gbé ohun mímu fún ọ ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ì báà jẹ́ omi lásán. Yóò fi kan ẹnu, yóò gbé e mì, kó tó na ife sí ọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọdé tó bá lójú inú á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹni tó gbé ife fúnni tí kò fẹnu kàn án, ó ní ohun tó mọ̀ nípa ife náà.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà mí lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù láti Pobẹ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bíà tí mo rọ sínú àgbá ti tó mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi tọ́ ọ wò lọ́la, kí ẹ sì fún un ní nóòtì nínú ogún, bíi ti ilé-ìwé."

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin nìkan ni."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ àgbá yẹn. Àgbá onígi ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó àtijọ́ fi ń kó wáìnì wá. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọbìnrin yìí, ló ń tọ́jú sódábì sínú rẹ̀, ọtí líle tí à ń fi ẹmu sè. Nígbà tó kú, mo ní èmi àbúrò ni àgbá tọ́ sí. Ọmọ rẹ̀ ní òun ni. Ó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bíà ní Kútọnu, ó sì fẹ́ kí bíà dúdú tirẹ̀ sùn sínú àgbá náà, kó lè gba òórùn igi àti ti sódábì bàbá rẹ̀. Mo sọ níwájú ẹbí pé òkú ò ní fara mọ́ ọn. Òun náà sọ níwájú ẹbí pé tí àgbá bá dé ọ̀dọ̀ mi, inú rẹ̀ ni mo máa máa sùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó gbé àgbá lọ. Láti ìgbà náà, "ẹ kú ọdún" nìkan ló ń bá mi sọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá pè mí, èmi nìkan, pé kí n wá mutí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe fẹ́ jáde, ìyàwó mi ní, "Tí kò bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ńkọ́?"

"Màá dà á nù."

"Ìwọ? O da ọtí nù rí?"

Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ìgò epo pupa jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé epo ń pa oró májèlé. Ó bu ìgbakọ kan kún dẹ́múdẹ́mú.

"Gbogbo rẹ̀?" ni mo bi í.

"Àbí díẹ̀ lo fẹ́ kú?"

Mo mu ún tán. Mo gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà ọ̀dọ̀ tiwa, èmi àti ọlọ́kadà sì gba Tákọ̀n lọ. Nígbà tí a rí àwọn ọ̀pẹ tó tò lẹ́bàá ọ̀nà Pobẹ̀, mo kí wọn lọ́kàn mi: ẹ̀yin lẹ máa gbà mí sílẹ̀ lónìí o.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí mi lẹ́yìnkùlé. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní lọ́kàn mi, ẹni tó ń gbèrò ibi kì í sanra. Àgbá wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti ki ẹ̀rọ omi kékeré bọ̀ ọ́ nídìí. Kó tó ṣí ẹ̀rọ náà, ó fi ìborùn di imú. Àyà mi já. Òórùn rẹ̀ nìkan á ti máa pani!

Bíà náà jáde, ó dúdú bí epo tí mẹkaníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọkọ̀, ìfófó rẹ̀ sì nípọn, ó pọ́n bí awọ màlúù. Ọmọ náà gbé ife sórí àpótí níwájú mi, ó sì sún sẹ́yìn. Kò fẹnu kàn án.

"Ìwọ ò ní tọ́ ọ wò ni?"

"Rárá, Bàbá kékeré. Ẹ máa mu."

Mo rántí pé ó yẹ kí n ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òkú wa. Mo ta díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo tún ta fún bàbá wa, mo tún ń wá òkú mìíràn.

"Ẹ rọra o! Ṣé ilẹ̀ ló máa fún mi ní nóòtì ni?"

Adìyẹ kan wá ṣá ohun tí mo dà sílẹ̀ mu. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó gbọn orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkàn mi ní, ikùn adìyẹ yàtọ̀ sí ti èèyàn. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ń bẹ lára mi, ìtìjú sì ni kí àgbàlagbà sá fún ife. Mo di ojú, mo mu ún.

Mi ò mọ adùn, mi ò mọ ìkorò. Mò ń dúró de ikú ni. Òun ló kọ́kọ́ pariwo.

"Ìfófó dà?"

Mo wo ife. Ìfófó tó nípọn lẹ́ẹ̀kan ti parẹ́ pátápátá. Ó bu ife mìíràn wá, ìfófó dúró dáadáa. Mo fẹnu kàn án, ló bá tún kú. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́. Lọ́la ni àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ láti Kútọnu, ìfófó sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Gbogbo iṣẹ́ mi ti ṣòfò."

Ó dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ àgbá láti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti májèlé lọ. Ọtí tó ti sùn sínú àgbá ẹ̀gbọ́n mi!

"Dúró! Epo ló pa ìfófó."

"Epo wo?"

"Epo pupa. Ó wà lára irunmú mi."

"Kí ni epo pupa ń wá lẹ́nu yín, Bàbá kékeré?"

Mo wo ilẹ̀. Ọmọ Pobẹ̀ ni, kò pẹ́ kó tó yé e.

"Ẹ rò pé mo fẹ́ pa yín?"

"Mi ò rò ó. Ìyàwó mi ló..."

"Ẹ ò rò ó, ẹ kàn mu epo."

"Ìwọ náà, o ò tọ́ ọ wò! O tún fi aṣọ di imú!"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti fẹ́ra kù. Òórùn ọtí lásán, màá bì. Kò tíì pẹ́, ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, mi ò sì lè sọ ọ́ lójú èrò. Mo nílò ahọ́n tó mọ ọtí bàbá mi, tiyín ló ṣẹ́kù."

Ó gbé ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún mi. Mo fọ irunmú, mo fi ọsàn fọ eyín títí ahọ́n mi fi ń ta mí. Ó bu ife mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìfófó dúró.

Ọkà bàbà tí wọ́n sun ló kọ́kọ́ kan ahọ́n mi, bíi kọfí. Lẹ́yìn náà, ṣúgà tó jóná nídìí ìkòkò. Nígbà tí mo gbé e mì tán ni sódábì ẹ̀gbọ́n mi yọ sí mi lọ́nà ọ̀fun, pẹ̀lú èèpo igi tó máa ń rẹ sínú rẹ̀. Irun ara mi dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, bíi pé ó dúró síbẹ̀ tó ń bi mí pé, ta ló ní kí o fi epo pupa ba ọtí mi jẹ́?

"Mẹ́rìnlá," ni mo wí.

"Mẹ́rìnlá péré? Kí ló dé tí kì í ṣe méjìdínlógún?"

"Igi ń sọ̀rọ̀ ju ọkà lọ níbẹ̀, ó sì korò jù nígbẹ̀yìn. Èmi alára ò gba mẹ́wàá rí nílé-ìwé, nítorí náà má ṣe rojọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bu bíà tuntun tí kò tíì wọ àgbá mọ́ ọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Bàbá kékeré, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

Ìyàwó mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ ojú mi wò, ó ní kí n yọ ahọ́n.

"Ṣé ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

Tí mo bá ní rárá, gbogbo Sakẹ́tẹ́ á gbọ́ pé ọmọ náà fẹ́ pa mí. Tí mo bá sọ ìdí rẹ̀, gbogbo Sakẹ́tẹ́ á gbọ́ ìyẹn náà. Ẹ̀rù tún bà mí, èmi tí mo rò pé ti ọjọ́ náà ti tán.

"Epo tí o fún mi yẹn ṣiṣẹ́ gan-an," ni mo wí.

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí ìbéèrè rẹ̀ mọ́. Ó lọ gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o.