Gíráàmù Méjìlélọ́gbọ̀n Ọ́síjìn

Bí ọmọ náà bá fìdí rẹmi, ọwọ́ mi ló ti wá. N kò lè dì í ru ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo gboyè nínú kẹ́mísìrì tí n kò ríṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì níwájú ilé wa l'Érúwà fún àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò àṣejáde ṣe. Mẹ́rin péré ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin láti Igangan, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu. Kẹ́mísìrì nìkan ló kù kó tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Móòlù, iye tí a fi ń ka átọ́ọ̀mù àti mólíkù, kò yé wọn, ni mo bá fi iṣu ṣàlàyé. Ọgọ́ta-ọgọ́ta ni àwọn àgbẹ̀ wa ń ka iṣu tà. Ìbáà jẹ́ ńlá, ìbáà jẹ́ kékeré, ọgọ́ta náà ni, ìwọ̀n wọn ló yàtọ̀. Mo ní iye bẹ́ẹ̀ ni móòlù, àfi pé ó pọ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà tán. Ojú ọmọ náà là.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, mo bi wọ́n pé móòlù mélòó ló wà nínú gíráàmù méjìlélọ́gbọ̀n gáàsì ọ́síjìn. Ọmọ Igangan náà kọ ọ̀kan. Mo fagi lé e. Mo ní méjì ni, nítorí mẹ́rìndínlógún ni ìwọ̀n ọ́síjìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ẹ ní átọ́ọ̀mù rẹ̀ méjì ló ń so pọ̀ di mólíkù kan? Tí a bá di iṣu ní méjì-méjì, tí a wá ka ọgọ́ta ìdì, ìwọ̀n ọgọ́fà iṣu la máa rù. Mẹ́rìndínlógún méjì ló di méjìlélọ́gbọ̀n."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ọmọ oníṣu, o tún ti gbé iṣu dé. Ó kù kó o kọ́ àǹtí níṣẹ́."

Ó yẹ kí n rò ó wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn gún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á rí i pé n kò mọ̀ tó bí mo ṣe ń ṣe. Mo ní, "Èmi àtìwọ, ta ló lọ sí yunifásítì?"

Ó fi rọ́bà pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo fi rí i nínú ìwé pé òun ló gbà á. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ìbéèrè yẹn lè má jáde. Irọ́ ni. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n pè é.

Ìbéèrè náà jáde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé iṣu mẹ́fà wá, bàbá rẹ̀ ní kó wá dúpẹ́.

"Mo fẹ́ kọ ọ̀kan, Àǹtí. Mo wá rántí yín, mo kọ méjì."

Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí fóònù tí mo gbé sílẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ kí n tó wọlé ìdánwò?"

"Mo ti mọ̀."

Kò bú mi. Ó dìde, ó gbọn eruku iṣu nù lọ́wọ́.

"Bàbá mi ló fi iṣu ránṣẹ́, ẹ bá mi gbà á. Èmi ò tíì lè dúpẹ́."

Èsì kò tíì jáde. Iṣu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ọ̀kan ti ń hù.